Ta ló ti pàgọ́ sùn nídìí àlàpà ayé àtijọ́ rí? Ẹ wá sọ tiyín

Àjàlá Kékeré
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Èmi, ìyàwó mi àti ọmọ méjì fẹ́ wa mọ́tò láti London lọ sí gúúsù Faransé lóṣù kẹjọ. Inú àgọ́ la fẹ́ máa sùn, a ò fẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn ilé olódi orí òkè ní agbègbè Corbières, lápá Òkun Mẹditaréníà, la fẹ́ lọ wò: Peyrepertuse àti Quéribus. Bí agbára bá ká a, a ó dé Montségur náà, tó wà lápá òkè Pyrénées. Ẹni tó bá ti débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí lojú yín rí? Ẹ má kó fọ́tò wá o, ìtàn ni mo fẹ́.

Ọmọ Ìbàdàn
Owó epo, owó ọkọ̀ ojú omi, owó àgọ́, torí ògiri wíwó. Ògiri wíwó kún Bẹẹrẹ. Ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá Ìbejì
Àbúrò, má dá Ọmọ Ìbàdàn lóhùn. A lọ ní 2019, èmi, baálé mi àtàwọn ìbejì. Ibi ìpàgọ́ tí wọ́n ń sanwó sí ni, nísàlẹ̀ Peyrepertuse, láàárín oko àjàrà. Ilẹ̀ ibẹ̀ le koko. Baálé mi ní èèkàn àgọ́ ò wọlé, pé ká kàn kó òkúta lé etí aṣọ rẹ̀. Mo ní, Baba Ìbejì, ó dà bíi pé afẹ́fẹ́ wà níbí o. Ó ní òun lòun ra àgọ́. Ó dáa.

Alẹ́ ọjọ́ kìíní, mo gbé ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù tó ṣẹ́kù pamọ́ sábẹ́ tábìlì níta. Láago méjì òru mo gbọ́ "fùún, fùún" nítòsí etí mi. Aṣọ àgọ́ nìkan ló wà láàárín wa. Mo jí baálé mi, ó ní afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ wo ló ń jẹun? Ìgbà tá a tan tọ́ọ̀ṣì, ìmàdò ni, ó tóbi, ó kó ọmọ mẹ́rin dání, gbogbo wọn ti ki orí bọ ìkòkò mi. Ẹni tó ní afẹ́fẹ́ ni, òun ló kọ́kọ́ dénú mọ́tò.

Ọjọ́ kejì la gun òkè. Àpáta náà gùn gbọọrọ, ó ga tó 800 mítà sí ojú òkun, èèyàn tó wà nísàlẹ̀ ò ní mọ ibi tí àpáta parí sí tí ògiri ti bẹ̀rẹ̀. Àtẹ̀gùn kan wà níbẹ̀ tí Ọba Louis Kẹsàn-án ní kí wọ́n gbẹ́ sára àpáta, òun la gbà dé apá tó ga jù, San Jordi. Ọwọ́ kan àpáta, ọwọ́ kejì ojú ọ̀run. Mo gùn ún dókè. Sísọ̀ ló kù. Ìdí ni mo fi wọ́ sọ̀kalẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, àwọn òyìnbó sì ń kí mi "bonjour" bí wọ́n ṣe ń kọjá. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní tramontane wá gbé àgọ́ wa lọ. Òkúta baálé mi ṣì jókòó síbi tó kó o sí.

Kékeré Ò Kúrú
Ẹ sọ òótọ́, mà. Ṣé jọ̀lọ́ọ̀fù náà lata?

Ìyá Ìbejì
Ó lata. Wọ́n lá ìkòkò.

Kékeré Ò Kúrú
Ẹ máa wò ó, láti ọjọ́ yẹn wọn ò ní lè jẹ oúnjẹ Faransé mọ́.

Ọdẹ Kìíní
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ará, ìmàdò kọ́ nìyẹn. Ìmàdò ni èyí tó ní kókó lójú, ilẹ̀ ọ̀dàn Áfíríkà ló ń gbé. Èyí tó wà nígbó Faransé ni baba ńlá ẹlẹ́dẹ̀ tí à ń sìn nílé. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni kẹ́ ẹ pè é.

Ìyá Ìbejì
Baba ọdẹ, ẹ kú iṣẹ́. Àwọn àgbà ní ìmàdò ìbá ṣe bí ẹlẹ́dẹ̀, a bà ìlú jẹ́. Ó ba tèmi jẹ́. Ìmàdò ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Toulouse
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ jẹ́ n tètè sọ èyí, torí wọ́n á ta ìtàn fún Bọ̀dá Àjàlá lẹ́nu géètì. Gbogbo pátákó ojú ọ̀nà ló ń pe ibẹ̀ ní ilẹ̀ àwọn Cathar, àwọn ẹlẹ́sìn Kristẹni kan láyé àtijọ́ tí ìjọ Kátólíìkì kà sí aládàámọ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ògiri tí ẹ máa fọwọ́ kàn, àwọn ọba Faransé ló kọ́ ọ tàbí tún un kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣẹ́gun ilẹ̀ náà. Quéribus bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní 1255. Ní 1258 wọ́n bá ọba Aragon, lápá ibi tó di Sípéènì lónìí, tọwọ́ bọ̀wé, òkè wọ̀nyẹn wá di ẹnubodè. Aguilar, Termes, Puilaurens, pẹ̀lú Quéribus àti Peyrepertuse, ni wọ́n ń pè ní ọmọ márùn-ún Carcassonne, ìlú olódi ńlá tó wà nítòsí wọn. Nígbà tó di 1659, ẹnubodè sún lọ sórí òkè Pyrénées, kò sí ohun tí wọ́n ń ṣọ́ mọ́. Kì í ṣe ogun ló sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn di àlàpà, àìríṣẹ́ṣe ni.

Kékeré Ò Kúrú
Àìríṣẹ́ṣe. Ó ń sọ èmi náà di àlàpà.

Awakọ̀ Òru
Montségur ni tèmi. Èmi nìkan ni mo lọ, lóṣù kẹwàá, inú mọ́tò ni mo sì sùn nísàlẹ̀ òkè. Pápá kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Pápá Àwọn Tí Iná Jó. Ogun ọba Faransé dó ti òkè náà láti 1243, ó tó oṣù mẹ́wàá kí àwọn Cathar àtàwọn ọmọ ogun tó wà lókè pẹ̀lú wọn tó túúbá. Wọ́n fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì: ẹni tó bá sẹ́ ẹ̀sìn rẹ̀ á máa lọ, ẹni tí kò bá sẹ́ ẹ, iná. Lọ́jọ́ 16 oṣù kẹta 1244, àwọn tó lé ní 200 wọnú iná. Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni pé àwọn ọmọ ogun kan wà tí wọ́n ti ní kí wọ́n máa lọ ní àlàáfíà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni wọ́n wá wọ ẹ̀sìn náà.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo gbọ́ orin. Kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Mo ti gíláàsì mọ́tò, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Mo ka Sáàmù 91 dópin, mo ṣáná sí mọ́tò. Mi ò gun òkè náà títí dòní.

Ìránṣẹ́ Olúwa
Kí ni wọ́n ṣe tí wọ́n fi sun wọ́n?

Akẹ́kọ̀ọ́ Toulouse
Wọ́n ní Ọlọ́run rere ò lè dá ayé búburú yìí, ẹni ibi ló dá ohun tá a ń fojú rí. Àwọn tó bá fẹ̀jẹ́ wọlé pátápátá kì í búra, wọn kì í gbéyàwó, wọn kì í jẹ ẹran. Wọ́n ń jẹ ẹja ṣá.

Kékeré Ò Kúrú
Kò sẹ́ran, kò síyàwó. Wọ́n ti ń jìyà kí iná tó dé.

Ìránṣẹ́ Olúwa
Má fi ikú ẹni ẹlẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, jọ̀ọ́.

Kékeré Ò Kúrú
Ẹ má bínú.

Ọdẹ Kìíní
Awakọ̀ Òru, màlúù lo gbọ́. Agogo ni wọ́n ń so mọ́ wọn lọ́rùn lórí òkè ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ á gbé ìró rẹ̀ jìnnà.

Awakọ̀ Òru
Mo mọ agogo. Màlúù kì í kọrin ohùn mẹ́ta.

Ìyá Ìbejì
Èmi gbà á gbọ́. Mi ò ní sùn níbẹ̀ láé.

Ọmọ Ìbàdàn
Ta ló ti pàgọ́ ní Ọ̀yọ́-Ilé nínú gbogbo yín? Ilé ẹni ti di igbó, ilé ọba Faransé lẹ ń wò.

Àgùnbánirọ̀ Tẹ́lẹ̀
Èmi ti lọ. Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí la gbà wọlé, ẹ̀ṣọ́ ọgbà ló ṣíwájú wa. Èèyàn ní láti mọ ohun tó ń wò: òkìtì tí odi ìlú wà tẹ́lẹ̀, àpáàdì lóríṣiríṣi. Amọ̀ la fi mọ tiwa, òjò ti kó o lọ. Òkúta ẹfun ni tiwọn. Ọmọ Ìbàdàn, ìwọ ńkọ́, ìgbà wo lo lọ?

Ọmọ Ìbàdàn
Mò ń múra.

Ará Kútọnu
Montpellier ni mò ń gbé. Àjàlá, má gbé èédú dání o. Lóṣù kẹjọ 2025, iná jó nǹkan bí 16,000 hẹ́kítà ní Corbières yẹn gan-an, èèyàn kú. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá le, tí koríko gbẹ, wọ́n lè ti ọ̀nà igbó pa. Òfin ò sì gba kéèyàn pàgọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtàn tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba. Sùn níbi ìpàgọ́, kó o gòkè láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Omi lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí òjò àti àrá bá ń bọ̀, wọ́n á ti géètì Peyrepertuse, má bá wọn jà.

Àjàlá Kékeré
Kò sí sùúyà náà nìyẹn?

Ará Kútọnu
Ra á sísun, jẹ ẹ́ ní tútù.

Àjàlá Kékeré
Ẹ ṣeun gan-an. Ìyàwó mi ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Ó ní Peyrepertuse dáa, Quéribus dáa, Montségur rárá. Ó tún ní kí n bi Ìyá Ìbejì léèrè, irú èèkàn wo ló ń wọ ilẹ̀ yẹn?

Ìyá Ìbejì
Onírin, tó nípọn, pẹ̀lú òòlù gidi. Kí ìyàwó rẹ sì jẹ́ ẹni tó máa kàn án.

Ọdẹ Kìíní
Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni o.