Ìyá wa ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ìparí oṣù Karùn-ún: ṣé òtútù ti tán níbẹ̀?

Ará Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá wa, tí wọn kò tíì kọjá Èkó rí, fẹ́ lọ bá ẹ̀gbọ́n mi wẹ ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n mi ní ooru ti ń wọlé, ṣùgbọ́n kóòtù ni mo rí lọ́rùn rẹ̀ nínú àwòrán. Irú aṣọ wo ni kí a dì fún wọn?

Ará Ṣágámù:
Ẹ kú oríire ọmọ tuntun. Ẹ̀gbọ́n yín kò parọ́, àwòrán náà kò sì parọ́. Ní oṣù Karùn-ún, ọ̀sán ibẹ̀ máa ń tó nǹkan bí 18°C, òru a sì já sí nǹkan bí 9°C. Ní oṣù Kẹfà, ọ̀sán a gòkè sí nǹkan bí 21°C. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti àríwá, òtútù a tún padà wá fún ọjọ́ mélòó kan. Òwúrọ̀ ọyẹ́ tí ń la ètè wa ní Rẹ́mọ kì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Kí ìyá mú súwẹ́tà méjì, ìbọ̀sẹ̀ àti ìborùn tó nípọn.

Ará Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ sọ ti oòrùn fún wọn pẹ̀lú, nítorí kì í wọ̀ títí di nǹkan bí aago 9 alẹ́ lásìkò yẹn. Ìyá tèmi jókòó ti fèrèsé, wọ́n ní àwọn kò ní jẹun alẹ́ nígbà tí ilẹ̀ kò tíì ṣú.

Ará Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Súwẹ́tà kan ni a ti dì. A ó ra ìkejì lọ́la.