Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè ka ìtàn ọkùnrin tí irin gba orí rẹ̀ kọjá fún àwọn ọmọ JSS 2?

Ìyá Dámọ́lá, Apátá: Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì ilé ìwé wa fẹ́ ka ìwé nípa Phineas Gage, fóòmàànù rélùwéè tí irin gún lórí ní Vermont, Amẹ́ríkà, ní September 13, 1848, tí kò sì kú. Kí ni mo lè mú dání kó má baà dà bí àlọ́ lójú wọn?

Tíṣà Báólójì: Ìwọ̀n ni kẹ́ ẹ mú dání. Tẹ́ ẹ bá ní "irin" lásán, ìṣó ni ọmọ máa rò. Ẹ ra páìpù oníke tí wọ́n kọ 32 mm sí lára, kẹ́ ẹ gé e sí 109 cm. Bí irin yẹn ṣe gùn tó, tó sì nípọn tó, nìyẹn. Ẹ má wulẹ̀ da yanrìn sí i, kò ní wúwo tó. Ìwúwo irin náà jẹ́ 6 kg, ìyẹn pure water 50cl méjìlá. Ẹ dì wọ́n sínú àpò kan, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé e wò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá sọ pé ó ń fi irin yìí ki ẹ̀tù mọ́ inú ihò àpáta, ẹ̀tù gbiná, irin fi orí ṣóńṣó rẹ̀ wọlé lábẹ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ó sì gba àtàrí jáde.

Ọmọ Alápatà, Bódìjà: Ẹ fi ọpọlọ ewúrẹ́ kún un. Ẹ tètè dé láàárọ̀, kẹ́ ẹ bá alápatà sọ̀rọ̀ kó tó gbé orí náà sórí iná. Ẹ ní kó fi ayùn rẹ́ agbárí rẹ̀ yíká. Tó bá fi àáké là á, ọpọlọ á fọ́ yángá, torí ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì dáadáa. Ẹ gbé e sí fíríìsà fún bíi wákàtí kan kẹ́ ẹ tó gé e. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o.

Tíṣà Báólójì: Òótọ́ ni, àmọ́ iwájú ọpọlọ ewúrẹ́ kéré gan-an sí ti èèyàn, ibẹ̀ sì ni irin Gage bà jẹ́ jù. Ẹ ya àwòrán ti èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ má gbàgbé omi tó yí ọpọlọ ká. Nǹkan bíi 150 ml ni nínú àgbàlagbà, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta pure water kan. Kí wọ́n lè rí bó ṣe ń dáàbò bo ọpọlọ, ẹ fi ẹyin tútù sínú ike kan lófìfo, kẹ́ ẹ dé e, kẹ́ ẹ mì í: á fọ́. Ẹ fi òmíràn sínú ike tí omi kún dé ẹnu, tí afẹ́fẹ́ kankan ò sí nínú ẹ̀: ó máa pẹ́ kó tó fọ́. Tí wọ́n bá bi yín léèrè nípa jàǹbá ọ̀kadà (wọ́n á bi yín), ẹ sọ fún wọn pé ẹni tó fi orí gbálẹ̀, wọn kì í mì í, wọn kì í rọ omi sí i lẹ́nu. Tí nǹkan bá gún un, ẹ má yọ ọ́. Tó bá ń bì léraléra, tó ń sùn lọ, tàbí tí omi ń jáde ní etí tàbí imú rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, kíá. Ibẹ̀ náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odeku, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti ṣiṣẹ́.

Ìyá Dámọ́lá, Apátá: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo rí i kà níbì kan pé Gage di ọmọọ̀ta títí ó fi kú. Ṣé kí n kà á bẹ́ẹ̀ fún wọn?

Tíṣà Báólójì: Ẹ má kà á bẹ́ẹ̀ o. Dókítà Harlow tó tọ́jú rẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kì í ṣe Gage táwọn mọ̀ mọ́. Àmọ́ ọkùnrin yìí kan náà lọ sí Chile, ó sì ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ta ló máa fa ìjánu ẹṣin àti ẹ̀mí èrò lé ọmọọ̀ta lọ́wọ́? Gìrì ló pa á ní 1860. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sójú pátákó, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á láàárín ara wọn.