Ààfin yìnyín: bàtà wo, ìgbà wo?

Ìbéèrè: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. A fẹ́ mú ọmọ ọdún 3 lọ sí ààfin yìnyín, ìyẹn ilé ńlá tí wọ́n fi omi dídì kọ́, tí èèyàn ń rìn inú rẹ̀ já. Kí la máa wọ̀? Ṣé kẹ̀kẹ́ ọmọ á lè kọjá?

Ìdáhùn 1: Ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Yìnyín fífọ́ ló sábà máa ń wà nílẹ̀ níbẹ̀, táyà kékeré á kàn rì ni. Ẹ wọ bàtà tí omi ò lè wọ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín jíjìn. Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn ni kẹ́ ẹ lò, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe olówùú: òwú máa ń fa òógùn mu, ẹsẹ̀ á sì tutù. Ẹ má ki ìbọ̀sẹ̀ méjì sínú bàtà tó há, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè rìn.

Ìdáhùn 2: Ẹ wọlé ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ ó rí àwọ̀ búlúù inú ògiri tó nípọn, ẹ ó sì tún rí iná tó wà nínú yìnyín nígbà tílẹ̀ bá ṣú. Àpò inú ni kí fóònù wà; òtútù máa ń pa bátìrì.

Ìdáhùn 3: Ẹ yẹ ojú ọjọ́ wò. Tó bá ti kọjá 0°C, omi á máa kán, ṣóńṣó yìnyín lè já lulẹ̀, wọ́n sì lè ti ibẹ̀ pa. Ẹ ka òfin ìdápadà owó tíkẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó sanwó.