Kárávàn wa fẹ́ sun Beaune mọ́jú: níbo ló dáa?

Ìyá Tómi: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Kent la wà níbí. Lóṣù kẹjọ, èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Lyon, nílẹ̀ Faransé. Kárávàn, ilé kékeré onítáyà, la máa so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò. Ọ̀nà jìn, mi ò sì fẹ́ kí oorun gbé ọkọ mi lọ nídìí ọkọ̀, la ṣe fẹ́ dúró ní Beaune, ìlú àwọn olóko àjàrà. Mo gbọ́ pé àwọn olóko náà ń jẹ́ kí àlejò sùn sí àgbàlá wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé òótọ́ ni? A kì í sì í mu ọtí nílé wa rárá. Kí la fẹ́ rí ṣe nílùú wáìnì? Ẹni tó bá mọ ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Àlàbí: Òótọ́ ni, àmọ́ kárávàn yín kò sí níbẹ̀. France Passion lorúkọ ètò náà, ó ti wà láti 1993. Mọ́tò tí ilé wà nínú rẹ̀ ló wà fún, èyí tí ẹ́ńjìnnì, ibùsùn àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jọ wà lórí táyà kan náà. Wọn kì í gba èyí tí mọ́tò ń fà. Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀pọ̀ àwọn ibi ìdúró tí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe sí ìlú kọ̀ọ̀kan. Camping ni kí ẹ wá, ìyẹn ọgbà tí wọ́n ti ń gba owó kí àlejò lè sun inú kárávàn tàbí àgọ́. Ní Beaune, Les Cent Vignes ni kí ẹ béèrè, kò jìnnà sí àárín ìlú, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn ín. Ẹ tètè gba àyè sílẹ̀ o, torí gbogbo Yúróòpù ló ń rìnrìn àjò lóṣù kẹjọ.

Àǹtí Bísí (Lyon): Ìyá Tómi, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọtí dà yín láàmú. Ohun tó wù mí jù ní Beaune, ilé ìwòsàn àtijọ́ kan ni, Hôtel-Dieu. Nicolas Rolin, olóyè ńlá lọ́dọ̀ Dúùkù Burgundy tó ń ṣàkóso agbègbè náà nígbà yẹn, àti ìyàwó rẹ̀, Guigone de Salins, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1443, nígbà tí ogun àti ìyàn ti sọ àwọn ará ìlú di òtòṣì. Òrùlé aláràbarà rẹ̀ nìkan tó wò. Ẹ mú àwọn ọmọ wọ gbọ̀ngàn àwọn òtòṣì: ibùsùn tò lọ́tùn-ún lósì pẹ̀lú kọ́tìnì pupa, ilé àdúrà sì wà ní ìparí gbọ̀ngàn kan náà, kí aláìsàn lè máa gbọ́ ìsìn láti orí ibùsùn rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn làwọn èèyàn ti ń fi oko àjàrà ta ilé ìwòsàn náà lọ́rẹ. Láti 1859 ni wọ́n ti ń ta wáìnì oko wọ̀nyẹn ní gbàǹjo, ọjọ́ Àìkú kẹta oṣù kọkànlá ni báyìí, owó rẹ̀ sì ń wọlé fún ilé ìwòsàn ìlú títí dòní. Ó wú mi lórí gan-an pé ẹni tó ti kú tipẹ́tipẹ́ ṣì ń tọ́jú aláìsàn. Ẹni tí kì í mu ọtí náà lè gbádùn ìyẹn.

Tí kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ bá wà lọ́wọ́, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kan wà, Voie des Vignes, tó gba inú oko àjàrà láti Beaune lọ sí Santenay. Ẹ gùn ún dé abúlé Pommard, kí ẹ yí padà. Kí wọ́n má já èso kankan o, oko olóko ni.

Bọ̀dá Délé (tírélà): Calais sí Beaune lé ní 550 km, ẹ kò sì tíì ka ti Kent mọ́ ọn. Ẹ gba márosẹ̀ A26 dé ìlú Troyes, kí ẹ bọ́ sí A5, lẹ́yìn náà A31 tó gba Langres àti Dijon. Ẹ máa san owó ojú ọ̀nà. Awakọ̀ kan ṣoṣo, tó tún ń fa kárávàn? Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ kan. Ẹ sun Troyes, kí ẹ tó sun Beaune. Ẹ má sì sun ẹ̀gbẹ́ márosẹ̀ láéláé, olè ń ṣọ́ ibẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má gbé ọbẹ̀ ẹran dání o! Látìgbà tí Brítéènì ti kúrò nínú Àjọ Ilẹ̀ Yúróòpù, ẹran, mílíìkì àti wàràkàṣì kò gbọdọ̀ bá yín wọ Faransé, wọ́n lè gbà á dànù. Gàrí, èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ, kò séwu. Ẹni tó bá ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nínú yín, físà Schengen, èyí tí wọ́n fi ń wọ Faransé àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ni kó kọ́kọ́ wá, ìwé ìgbélùú Brítéènì kò tó.

Ìyá Tómi: Ẹ ṣé gan-an ni. Físà tèmi ló kù, mo máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ọkọ mi náà ti gbà pé ká sùn lẹ́ẹ̀mejì. Bọ̀dá Délé, ṣé camping wà ní Troyes?

Bọ̀dá Délé (tírélà): Ó wà. Pont-Sainte-Marie ni, ẹ̀gbẹ́ Troyes níbẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ sọ bí kárávàn yín ṣe gùn tó.