Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Agatha Christie?

Olùfẹ́Ìwé:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo wo Murder on the Orient Express ti ọdún 2017, èyí tí Kenneth Branagh darí, tí òun fúnra rẹ̀ sì ṣe Poirot, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ onírunmú ńlá nì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá iṣẹ́ Agatha Christie, obìnrin tó kọ ìtàn náà, kiri, àmọ́ ó pọ̀ jù fún mi: ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ 66, ká má tíì sọ ti fíìmù. Èwo ni kí n kọ́kọ́ wò? Èwo ló yẹ kí n kà kí n tó wò ó? Èmi àti màmá mi la jọ máa ń wo nǹkan lálẹ́, wọn ò sì fẹ́ràn ẹ̀jẹ̀ rẹpẹtẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ẹni tó pànìyàn o.

Ìyá Ìbejì:
Ọmọ mi, ọ̀dọ̀ David Suchet ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Láti 1989 títí di 2013 ló fi ṣe Poirot lórí tẹlifíṣọ̀n ITV, apá 70 lápapọ̀. Bó ṣe ń ka àwọn ìwé náà ló ń kọ ìṣe ọkùnrin yẹn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá ń ka Poirot báyìí, ohùn Suchet ni mò ń gbọ́.

Àwọn apá ìbẹ̀rẹ̀ kì í tó wákàtí kan, wọ́n dáa fún alẹ́. Bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́kọ́ gan-an, The Adventure of the Clapham Cook. Ìyáálé ilé kan wá bá Poirot pé kúùkù òun jáde nílé, kò sì padà mọ́. Poirot fẹ́ dá a padà, torí irú ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń wá. Obìnrin náà là á mọ́lẹ̀ fún un pé bí ìlẹ̀kẹ̀ olówó iyebíye ṣe jẹ́ sí obìnrin ọlọ́lá, bẹ́ẹ̀ ni kúùkù tó mọṣẹ́ jẹ́ sí òun. Poirot gbọ́ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, ó gba iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn gan-an. Ìránṣẹ́ lásán ló sọnù lójú àwọn ará ibẹ̀, àmọ́ Christie wá a, nǹkan ńlá ló sì bá nídìí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Curtain, ìtàn Poirot tó kẹ́yìn, ni kó o fi kásẹ̀ gbogbo rẹ̀ nílẹ̀. Má fọwọ́ kàn án ṣáájú.

BàbáSinimá:
Mo gbà fún Ìyá Ìbejì, ṣùgbọ́n fíìmù náà lẹ béèrè. Ẹ wá Witness for the Prosecution ti 1957, tí Billy Wilder darí. Kò ní àwọ̀, inú kóòtù lọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wáyé, kò sí ẹ̀jẹ̀ tí màmá máa sá fún. Charles Laughton ni lọ́yà tí ara rẹ̀ ò yá, Elsa Lanchester sì ni nọ́ọ̀sì tó ń ṣọ́ ọ kó má fa sìgá. Tọkọtaya ni wọ́n lóde ayé, ó sì hàn nínú bí wọ́n ṣe ń bára wọn fa ọ̀rọ̀. Kẹ́ ẹ wá wo Marlene Dietrich nígbà tó dúró bí ẹlẹ́rìí! Ìtàn kúkúrú ni Christie kọ́kọ́ fi ṣe. Nígbà tó sọ ọ́ di eré orí ìtàgé lọ́dún 1953, òun fúnra rẹ̀ ló yí ìparí rẹ̀ padà, ti ìtàgé yẹn sì dáa ju ti ìwé lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà sí Orient Express, àmọ́ ti 1974, tí Sidney Lumet darí. Ingrid Bergman gba Oscar nínú rẹ̀. Christie lọ síbi àfihàn àkọ́kọ́ rẹ̀ ní London lẹ́ni ọdún 84. Ó gbádùn rẹ̀. Irunmú Albert Finney nìkan ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

ỌmọÈkóNíPeckham:
Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó kàn wá kún un: Murder Is Easy, apá méjì, BBC, ìparí ọdún 2023. Nínú ìwé tó jáde ní 1939, ọlọ́pàá òyìnbó tó fẹ̀yìn tì láti ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Éṣíà ni Luke Fitzwilliam. Nínú eré yìí, ọmọ Nàìjíríà ni. David Jonsson ló ṣe é, ọdún 1954 ló sì gúnlẹ̀ sí Ẹ̀ńgláǹdì láti wá ṣiṣẹ́ ìjọba. Nínú ọkọ̀ ojú irin ni ìyá àgbà kan ti sọ fún un pé ẹnìkan ń pa àwọn ará abúlé òun lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ sígbà náà ni mọ́tò pa ìyá náà. Siân Ejiwunmi-Le Berre ló kọ ọ́ fún tẹlifíṣọ̀n.

Àwọn kan ń bínú pé wọ́n yí ìwé padà. Lójú tèmi, àyípadà yẹn ló gbé e dìde. Àlejò tí gbogbo abúlé ń fura sí, ta ni yóò gbà á gbọ́ tó bá ní apànìyàn wà láàárín wọn? Àsìkò yẹn làwọn bàbá wa ń wá kàwé níhìn-ín, tí wọ́n ń wá yàrá tí wọn ò rí gbà.

Olùfẹ́Ìwé:
Ẹ ṣé gan-an. Màmá ti ní ti kúùkù la máa wò lálẹ́ òní. Ìgbésí ayé Christie fúnra rẹ̀ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó sọnù rí.

Apòògùn Ìbàdàn:
Ó sọnù lóòótọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó kan iṣẹ́ mi. Torquay ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1890. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó ṣe nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn níbẹ̀, ó bọ́ sí yàrá tí wọ́n ti ń po oògùn, ó sì yege ìdánwò iṣẹ́ náà ní 1917. Ibẹ̀ ló ti mọ májèlé. Àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù tí ogun lé wá sí Torquay ló sì mú kó ronú kan Poirot. Ìwé ìròyìn àwọn apòògùn gan-an yin ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti ọdún 1977. Ọmọ kékeré kan láti Qatar ń kú lọ nílé ìwòsàn Hammersmith ní London, àwọn dókítà ò mọ ohun tó ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì kan tó ń ka ìwé Christie lọ́wọ́ rí i pé àìsàn ọmọ náà jọ ti inú ìwé, títí dórí irun tó ń re. Wọ́n yẹ ọmọ náà wò fún májèlé inú ìwé yẹn, òun náà ni wọ́n bá. Ọmọ náà yè. Mi ò ní dárúkọ ìwé náà, kí n má ba adùn rẹ̀ jẹ́.

Ti sísọnù, 1926 ni. Ìyá rẹ̀ kú lọ́dún náà, ọkọ rẹ̀ sì ní obìnrin mìíràn lòun fẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, ó wa mọ́tò jáde. Wọ́n rí mọ́tò náà ní Surrey, wọn ò rí i. Ọjọ́ 11 ni wọ́n fi wá a kí wọ́n tó rí i ní hótẹ́ẹ̀lì kan ní Harrogate. Orúkọ ìdílé obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń fẹ́ ló fi gba yàrá. Kò mẹ́nu bà á nínú ìwé tó kọ nípa ara rẹ̀. Fíìmù Agatha ti 1979, tí Vanessa Redgrave ṣe, hun ìtàn tirẹ̀ lé e lórí. Ẹ fi ojú àròsọ wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ 11 yẹn bo ìyókù ayé rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní 1930, ó fẹ́ Max Mallowan, awalẹ̀pìtàn, wọ́n jọ ń lọ sí Iraq àti Syria. Ní Nimrud, ìlú àtijọ́ kan ní Iraq, ìpara ojú rẹ̀ ló fi ń nu ìdọ̀tí kúrò lára iṣẹ́ ọnà eyín erin tí wọ́n hú jáde.

Olùfẹ́Ìwé:
Ọlọ́run ṣeun fún ọmọ yẹn. And Then There Were None ńkọ́?

BàbáSinimá:
Ìyẹn ni kẹ́ ẹ kà kẹ́ ẹ tó wò. Ìparí ìwé náà le. Christie rọ̀ ọ́ lójú nígbà tó sọ ọ́ di eré orí ìtàgé ní 1943, fíìmù René Clair ti 1945 sì tẹ̀ lé ti ìtàgé. Ti BBC, apá mẹ́ta, 2015, ló dúró ti ìwé. Ó dáa púpọ̀, àmọ́ ẹ má bá màmá wò ó.

Ìyá Ìbejì:
Miss Marple, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Christie mìíràn, ni kó o fi sílẹ̀ fún màmá. Joan Hickson, BBC, 1984 sí 1992. Christie ti kọ lẹ́tà sí Hickson ní 1946 pé òun nírètí pé yóò ṣe Miss Marple lọ́jọ́ kan. Nígbà tó fi máa ṣẹ, Christie ti kú. Arúgbó tó jókòó jẹ́ẹ́, tó ń hun òwú, tí wọ́n rò pé kò gbọ́ nǹkan kan, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń gbọ́. Màmá rẹ á fẹ́ràn rẹ̀.

Olùfẹ́Ìwé:
Ẹ ṣé, mà. Ìbéèrè kan ló kù: mo wá fíìmù The Mousetrap títí, mi ò rí i.

ỌmọÈkóNíPeckham:
Ẹ ò ní rí i. Àdéhùn wà pé kò sí fíìmù rẹ̀ àfi tó bá pé oṣù mẹ́fà tí eré náà ti kúrò lórí ìtàgé ní London. Láti 1952 ló sì ti wà níbẹ̀. Kòrónà nìkan ló dá a dúró, láti 2020 sí 2021. St Martin's Theatre ni wọ́n ti ń ṣe é. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ níbí, ẹ sọ fún mi ṣáájú, ká jọ lọ.