Cortisol aláboyún: kí ló dé tí èsì wa ò fi jọra?

Ọmọ_Àjílété
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìwádìí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn là ń ṣe lọ́dọ̀ àwọn aláboyún ní Ògbómọ̀ṣọ́: ìwé ìbéèrè mẹ́wàá tí wọ́n ń pè ní Edinburgh, tí wọ́n fi ń wá ìrẹ̀wẹ̀sì, pẹ̀lú cortisol (èròjà tí ara máa ń tú jáde nígbà ìdààmú) inú ẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ kílíníkì, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí dé aago méjì ọ̀sán la fi ń gba ẹ̀jẹ̀. Nínú àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì hàn lára wọn, cortisol àwọn kan ga réré, ti àwọn mìíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá. Ṣé ẹ̀rọ ni àbí ọwọ́ wa? Ẹ jọ̀ọ́, máàkì mélòó la sì fi ń sọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì wà?

Bàbá_Láàbù
Ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ná, aago yín ló kọ́kọ́ bà á jẹ́. Ìṣẹ́jú 30 sí 45 lẹ́yìn téèyàn bá jí ni cortisol máa ń ga jù, á wá máa wálẹ̀ títí di òru. Ẹni aago mẹ́jọ àti ẹni tó tò dé aago méjì ò ṣeé fi wéra. Ẹ gbà á láàárín 8:00 sí 9:30 nìkan, kẹ́ ẹ kọ aago tó jí àti aago tẹ́ ẹ fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Oyún fúnra rẹ̀ ńkọ́? Olóbì ń ṣe CRH tirẹ̀, èròjà tó ń ti cortisol sókè. Estrogen, èròjà ara obìnrin, náà ń mú kí ẹ̀dọ̀ ṣe púpọ̀ sí i nínú èròjà tó ń gbé cortisol kiri. Bí ìbí bá fi ń sún mọ́lé, iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lè di ìlọ́po méjì sí mẹ́ta láìsí àìsàn kankan. Ẹ má ka oyún ọ̀sẹ̀ 14 mọ́ ti ọ̀sẹ̀ 34.

Tówó bá wà, itọ́ ni kẹ́ ẹ lò, torí cortisol tí kò so mọ́ nǹkan kan nìkan ló ń bọ́ sínú rẹ̀. Kó má jẹun, kó má fọ eyín fún wákàtí kan ṣáájú (ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ò sì fi àmàlà àárọ̀ ṣeré, ẹ tètè sọ fún wọn). Kó fi omi ṣan ẹnu, kó dúró ní ìṣẹ́jú 10, kó wá tutọ́ sínú ìgò. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ èrìgì bá pọ́n, ẹ dà á nù.

Agbẹ̀bí_Aradà
Àwọn tí tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí yẹn, ẹ yẹ ìpara wọn wò. Púpọ̀ nínú ìpara abóra tí wọ́n ń pò lọ́jà ló ní clobetasol, oògùn steroid tó lágbára tó ń ṣe bíi cortisol. Tí wọ́n bá fi ń pa gbogbo ara, á wọlé, ọpọlọ á gbà pé cortisol ti tó, kíndìnrín ò sì jẹ̀bi rárá: ohun tó jókòó sórí rẹ̀ tó ń ṣe cortisol ni yóò dẹwọ́. Prednisolone, oògùn steroid míì, ńkọ́? Ẹ̀rọ míì máa ń kà á mọ́ cortisol.

Ẹ má bi wọ́n pé “ṣé ẹ ń bóra?” Ta ló fẹ́ jẹ́wọ́? Ẹ ní, “Ìyàwó, ìpara wo lẹ ń lò? Ẹ bá wa mú ike rẹ̀ wá.” Ẹ wo oríkèé ìka, ibẹ̀ máa ń dúdú láàárín ọwọ́ tó ti pọ́n. Ẹ má sì ní kó jáwọ́ lójijì, kí dókítà rí i ná.

Dókítà_Ọkàn
Cox, Holden àti Sagovsky ló gbé ìbéèrè Edinburgh yẹn jáde ní 1987. 0 sí 3 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ 30, ọjọ́ 7 tó kọjá ló sì ń bi. Láti 13 lọ, ó ṣeé ṣe kí ìrẹ̀wẹ̀sì tó lágbára wà. Láti 10, ẹ tún un wò. Kò sí èyí tó jẹ́ àyẹ̀wò àìsàn nínú wọn, cortisol gan-an ò sì tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í nìyí: ní ìbéèrè 1, 2 àti 4, ìdáhùn òkè pátápátá ni 0. Nínú ìyókù, ìdáhùn òkè ni 3. Ìbéèrè 7, oorun tí ìbànújẹ́ lé lọ ni. Tó bá jẹ́ ìtọ̀ òru ni kò jẹ́ kó sùn, kò sí níbẹ̀. Ẹ lo Yorùbá kan náà fún gbogbo wọn, kí nọ́ọ̀sì má máa tú u lójú ẹsẹ̀, kí ìyá ọkọ sì wà níta. Ẹ ṣe PCV (àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára) náà: tó bá wà lábẹ́ 33, àìtó ẹ̀jẹ̀ lè jẹ́ ohun tó ń rẹ̀ ẹ́.

Ìbéèrè kẹwàá, lórí pípa ara ẹni lára: tí kì í bá ti í ṣe 0, ẹ má dúró de láàbù. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, kí dókítà ọpọlọ rí i lọ́jọ́ náà.

Ọmọ_Àjílété
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Àwọn tí a ti gbà tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Iná sì ń lọ lórí firísà.

Bàbá_Láàbù
Èyí tí aago bá wà lára rẹ̀, tó bọ́ sí àárọ̀, ẹ lò ó. Ìyókù, ẹ yọ cortisol wọn kúrò, kẹ́ ẹ fi Edinburgh wọn sílẹ̀. Láti ìsinsìnyí, kí ẹ̀jẹ̀ dì fún ìṣẹ́jú 30, kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ yí i fún ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ pín omi tó bá lé sókè ẹ̀jẹ̀ sí ìgò kékeré mẹ́ta kó tó wọ firísà. Ìgò tó bá ti yọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má dá a padà.