Báwo ni mo ṣe lè mú ilẹ̀ gbágungbàgun yìí tẹ́jú?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa yìí, màlúù ló ń jẹko níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ihò pátákò kún ibẹ̀, tí mo bá ń ti ẹ̀rọ agékoríko lórí ẹ̀ ńṣe ló máa fá ibi tó ga dé yẹ̀pẹ̀, kò ní kan ibi tó jìn rárá. Ẹnìkan ní kí n fi rólà tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn òjò, èmi ò gbà o, ilẹ̀ á kàn le gbagidi, omi ò ní ráàyè wọlẹ̀ mọ́. Ṣé kí n fi katakata tú gbogbo ẹ̀ kí n gbin koríko tuntun ni, àbí kí n máa fọ́n yẹ̀pẹ̀ tí mo pò mọ́ iyanrìn sí ibi tó jìn díẹ̀díẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lẹ́ẹ̀kan, kí koríko tó wà níbẹ̀ lè máa yọrí? Tí mo bá tú u ńkọ́, ṣé ilẹ̀ ò ní tún rì lẹ́yìn tí mo bá gbìn ín tán?